Ṣé Ohun Tí A Kò Fojú Rí Ṣeé Mọ̀?

Ọ̀rọ̀ méjì wà tí a sábà máa ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n: mímọ̀ àti gbígbàgbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúbí Ṣódípò àti Barry Hallen, tí àwọn méjèèjì jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, bi àwọn oníṣègùn léèrè ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1986. Èsì tí wọ́n rí gbà ni pé ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, òun ni ìmọ̀. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni, títí dìgbà tí a bá dán an wò fúnra wa.

Ìpínyà yìí le. Bí a bá fi wọn ẹ̀kọ́ físíìsì tí à ń kọ́ nílé ìwé ní Ìlọrin, kí ni yóò ṣẹ́ kù? Ta ló ti fojú rí electron rí?

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ṣòro jù. Irin mẹ́tàdínlógún kan wà tí wọ́n ń pè ní rare earth, ìyẹn ni pé wọ́n ṣọ̀wọ́n. (Orúkọ náà ń tan ni jẹ: cerium, ọ̀kan nínú wọn, fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ nínú ilẹ̀ tó bàbà.) Àwọn kan lára wọn wà nínú yanrìn tí wọ́n kó dànù níbi tí wọ́n ti wa tin ní Jos. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni gadolinium. Bí ooru kò bá ju nǹkan bí ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, ó ń lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì bí irin lásán. Bí ooru bá kọjá bẹ́ẹ̀, agbára yẹn á rọ̀. Nítorí náà, lọ́sàn-án gangan ní Ìlọrin, mágínẹ́ẹ̀tì kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i fà. Ẹ gbé e sínú fíríìjì kó tutù, á lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ojú rí ìyẹn. Ohun tó fà á ni ojú kò rí: àwọn electron kan tó fara pamọ́ sínú lọ́hùn-ún átọ́ọ̀mù, tí àwọn mìíràn sì bò mọ́lẹ̀.

Báwo wá ni àwọn onímọ̀ ṣe ń ròyìn wọn? Wọ́n á rán x-ray, tàbí ọ̀wọ́ electron tó ń sáré burúkú, lu irin náà. Wọ́n mọ iye agbára tí wọ́n fi rán an. Bó bá ta padà, wọ́n á wọn èyí tó kù lára rẹ̀. Èyí tó dín kò sọnù. Inú irin ló kù sí, òun ló ta electron kan jí láti ipò tó wà bọ́ sí ipò tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iye tó dín ni wọ́n fi ń mọ bí ipò méjèèjì ṣe jìnnà síra tó.

Àwọn amọ̀kòkò Òkelele níhìn-ín ní Ìlọrin kò ní ka èyí sí àjèjì. Ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò á fi ìka gbá a. Bó bá dún ketekete, ó dá ṣáṣá. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, ó ti sán níbì kan. Kò rí ibi tó sán. Ṣé ó gbà gbọ́ ni, àbí ó mọ̀? Èmi á ní ó mọ̀, nítorí ó ti gbá ọ̀pọ̀ ìkòkò, ó sì ti rí àwọn tó jò lẹ́yìn náà.

Ẹnìkan lè ní ìkòkò ṣeé fọ́ wò, electron kò ṣeé fọ́ wò, nítorí náà àbá lásán ni tàwọn onímọ̀. Àtakò gidi nìyẹn, n kò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: x-ray ń wọ inú irin lọ jìnnà, electron kì í pẹ́ dúró nítòsí ojú irin, òfin tó sì ń darí bí ó ṣe ń lu nǹkan yàtọ̀. Bí ẹlẹ́rìí méjì bá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọlé, tí ẹ̀rí wọn bára mu, ẹni tó bá ní irọ́ ni ló kù tí yóò ṣàlàyé. Mo gbà pé ìmọ̀ ni.

Ìmọ̀ ta wá ni? Ti ẹni tó gbá ìkòkò. Èmi tí mo kà á nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ṣì ni tèmi. Ẹ̀rọ ńlá tó ń pèsè x-ray tó lágbára jù fún irú iṣẹ́ yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní synchrotron, kò sí ẹyọ kan ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ Áfíríkà péjọ sí Grenoble ní ilẹ̀ Faransé láti jíròrò bí a ó ṣe ní tiwa. Àwọn kan ń sọ pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀, òótọ́ kò ní ìlú. Bóyá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í gbá ìkòkò kò lè bá ẹni tó gbá a jiyàn. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ni yóò rà.

Ìdí nìyí tí ó fi ń ká mi lára bí olùkọ́ bá dúró níwájú pátákó tó ní, “A mọ̀ pé…” Ta ni “a”? Ì bá wù mí kó ní, “Wọ́n ti dán an wò, báyìí ni wọ́n sì ṣe dán an wò,” kó sì fún kíláàsì láyè láti béèrè ohun tí wọn ì bá rí ká ní àbá náà kò tọ̀nà.