Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Henry Townsend, Ìgbẹ̀in àti Lẹ́tà Ọdún 1851

Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 1849, àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá péjọ ní Abẹ́òkúta láti gbọ́ iṣẹ́ tí Ọbabìnrin Victoria rán sí wọn. Lẹ́tà ni, ẹ̀bùn sì bá a wá: Bíbélì méjì, ọ̀kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ní èdè Lárúbáwá, àti ọlọ irin kan tí Prince Albert, ọkọ ọbabìnrin, fi ránṣẹ́. Ẹni tó ka lẹ́tà náà ni Samuel Àjàyí Crowther, àlùfáà tó ń gbé ní Ìgbẹ̀in. Ó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kà á ní Yorùbá, kí ó lè wọ gbogbo àgbà tó wà níkàlẹ̀ létí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da àgbàdo sẹ́nu ọlọ. Wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun kúnná bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ lójú wọn, ẹnu sì ya gbogbo wọn.

Ọlọ náà wú àwọn ènìyàn lórí, àmọ́ ohun tó ju ọlọ lọ ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ tí ọba òkèèrè ní í bá Ẹ̀gbá sọ, ojú Ẹ̀gbá ni wọ́n ti sọ ọ́, èdè tí Ẹ̀gbá gbọ́ ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ẹni tó bá ní èsì lè fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà ń wí nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, lẹ́tà mìíràn ti Abẹ́òkúta jáde, London ló sì forí lé. Henry Townsend ló kọ ọ́.

Ọmọ ìlú Exeter nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Townsend. Wọ́n bí i ní ọdún 1815, ó sì dé Sàró (Sierra Leone) ní 1836 gẹ́gẹ́ bí tíṣà lábẹ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS. Ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1843 ni òun àti Andrew Wilhelm Désàlú, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti Sàró bọ̀, wọ Abẹ́òkúta, tí Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, sì fi tayọ̀tayọ̀ gbà wọ́n. Nígbà tó fi padà wá láti máa gbébẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, Ṣódẹkẹ́ ti kú, Crowther sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Townsend fìdí kalẹ̀ sí Aké, iṣẹ́ Crowther sì wà ní Ìgbẹ̀in. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé ẹsẹ̀ lásán ni ènìyàn ń fi rin ìrìn àárín àdúgbò méjèèjì.

Oṣù kẹjọ yẹn kò tíì parí tí Crowther fi rí Àfálá, ìyá tó bí i. Láti 1821 ni ogun ti yà wọ́n. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ìyá di ọmọ lọ́wọ́ mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnu kò gba ọ̀rọ̀. Crowther kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ní London, nítorí òfin ẹgbẹ́ náà ni pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ wọn máa kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ránṣẹ́. Ọ̀nà kan náà tí ìtàn ìyá àti ọmọ gbà lọ ni ìwé Townsend náà gbà.

Kí ni Townsend kọ ní 1851? Wọ́n ti ń sọ ọ́ ní London nígbà náà pé ó yẹ kí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù. Townsend kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn àlùfáà òyìnbó mìíràn sì bá a fọwọ́ sí i. Kò bú Crowther. Kò sọ pé olè ni tàbí òpè. Ohun tó wí ni pé ènìyàn dúdú, bó ti wù kó dára tó, kò lè gba irú ọ̀wọ̀ tí ipò yẹn ń fẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn dúdú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀wọ̀, lójú tirẹ̀, ti òyìnbó ni.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà. Townsend kò sọ pé òun kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú ṣe olórí òun. Ó jẹ́rìí lórúkọ Ẹ̀gbá pé Ẹ̀gbá ni kò ní í fẹ́. Àwọn ará Ìgbẹ̀in tó ń jókòó gbọ́ ìwàásù Crowther lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń mú ọmọ wọn wá kó ṣèrìbọmi fún wọn, ni ìwé náà ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Crowther alára wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún yẹn, ó sì lè gbèjà ara rẹ̀. Ẹ̀gbá ńkọ́? Ta ló bi Ẹ̀gbá léèrè? Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọkùnrin yìí kan náà ló tún fún Ẹ̀gbá ní ohun tí ìlú kankan ní àgbègbè náà kò tíì ní. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1859, láti Aké, ó gbé Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ nílẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Yorùbá ni gbogbo rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Gẹ̀ẹ́sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ìròyìn ìjọ wà níbẹ̀, ti ẹni tó dé àti ẹni tó lọ, ti ìbí àti ikú, iye tí òwú ń lọ lọ́jà, àti ti ogun Ìjàyè nígbà tó bẹ́ sílẹ̀. Ó fẹ́ kí kíkàwé mọ́ àwọn ènìyàn lára, kí ẹni tó ń fẹ́ mọ nǹkan mọ̀ pé inú ìwé lòun ti lè rí i. Òun náà ló ń bá àwọn ìjòyè kọ lẹ́tà sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Dahomey kógun wá ní oṣù kẹta ọdún 1851, inú ìlú ló wà. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún nínú ayé rẹ̀ sin Abẹ́òkúta, a kò sì gbọdọ̀ gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Èwo wá ni Townsend nínú méjèèjì? Ẹni tó fi ìwé kíkà lé Ẹ̀gbá lọ́wọ́ ni, àbí ẹni tó fi ìwé kíkọ dènà ọmọ Yorùbá?

Ìjọ Ọlọ́run ti pàdé irú ìbéèrè yìí rí, ilẹ̀ Áfíríkà náà ló sì ti pàdé rẹ̀. Ní ọdún 303, olú-ọba Diocletian ti Róòmù pàṣẹ kí wọ́n dáná sun ìwé mímọ́ àwọn Kristẹni. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan ní Àríwá Áfíríkà bẹ̀rù, wọ́n sì kó ìwé lé àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́. Nígbà tí inúnibíni rọlẹ̀, àwọn tí à ń pè ní Donatist dìde pé ìrìbọmi tó bá ti ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá, òfo ni. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ní ilẹ̀ tó di Algeria lónìí, dá wọn lóhùn pé Kristi ló ni ẹ̀bùn náà. Bí ọwọ́ tó gbé e wá bá dọ̀tí, ẹ̀bùn kò ti ìdí bẹ́ẹ̀ dọ̀tí. Bí a bá gba ti Augustine, Ìwé Ìròyìn dúró, ìrìbọmi Aké dúró, ọmọ tó sì kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ Townsend kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Òótọ́ ni Augustine sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni ìdáhùn rẹ̀ ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Kò wí nǹkan nípa gbèsè. Àwọn babaláwo tẹ ìhà kejì. Wọ́n ń sọ ìtàn Ọ̀rúnmìlà àti Ìwà aya rẹ̀, bí Ìwà ṣe fi ilé sílẹ̀, tí ọgbọ́n Ọ̀rúnmìlà kò sì tó ilé gbé dúró mọ́, títí ó fi gbéra wá aya rẹ̀ lọ. Lójú Ifá, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kò lè san gbèsè ìwà fún un. Ẹni tó mú ìwé wá ṣe oore; ẹni tó jẹ́rìí èké nípa ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ gbèsè. Àkọsílẹ̀ méjèèjì ń bẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a kò lè fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

Báwo la ṣe wá mọ̀ pé ẹ̀rí Townsend kì í ṣe òótọ́? Ó ṣeé ṣe kó dá a lójú tọkàntọkàn. Ìdánwò kan wà fún un nínú ìṣe Yorùbá, òun náà la ti rí lọ́jọ́ ọlọ irin yẹn. Ṣé Townsend lè dúró níwájú àwọn ìjòyè, kó sọ ọ́ ní Yorùbá pé, “Ẹ̀yin Ẹ̀gbá, ẹ kò lè bọ̀wọ̀ fún ọmọ yín”? Yorùbá kì í ṣe ìṣòro fún un, ó gbọ́ ọ débi pé ó fi ṣe ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tí a lè sọ nípa ènìyàn ní èdè tí kò gbọ́ nìkan, tí a kò lè sọ lójú rẹ̀, kò tíì gba ọ̀nà tí òótọ́ ń gbà kọjá, nítorí ẹni tó lè tún un ṣe kò sí níbẹ̀.

Ìpalára lẹ́tà náà kò kéré. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, lẹ́yìn tí Henry Venn, akọ̀wé CMS, ti rọ̀ ọ́ títí kó tó gbà. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta kò sí lábẹ́ rẹ̀, nítorí àwọn àlùfáà òyìnbó tó wà níbẹ̀ kò gbà. Ó di bíṣọ́ọ̀bù fún Odò Ọya, kò sì di bíṣọ́ọ̀bù fún Ìgbẹ̀in. Nígbà tó kú lọ́jọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ó jọ pé Ẹ̀gbá náà rí i pé kò dára kí ẹlòmíràn máa gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀. Ní 1865, George William Johnson, ọmọ Sàró, dá Egba United Board of Management sílẹ̀. Baṣọ̀run Ṣómóyè ni olórí, Johnson sì ni akọ̀wé. Wọ́n ń gba owó ibodè lórí ọjà, wọ́n sì ń fúnra wọn kọ lẹ́tà sí Glover, gómìnà Èkó. Akọ̀wé Ẹ̀gbá wá di ẹni tí Ẹ̀gbá lè pè jókòó, kí wọ́n bi í léèrè ohun tó kọ.

Àárín Ẹ̀gbá àti Èkó wá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni ìdàrúdàpọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀. Àwọn ará ìlú ya wọ ilé ìsìn, wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì fọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Aké. Àwọn òyìnbó fi ìlú sílẹ̀. Ìbínú tó ṣokùnfà rẹ̀ yéni, àmọ́ àṣìṣe ńlá ni. Ẹ wo ohun tí wọ́n fọ́: lẹ́tà onírin wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ọ̀rọ̀ Yorùbá fi ń hàn lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ ojú ni ẹ̀rọ yẹn ń tẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìwé lè kà kó sì jiyàn sí. Òun ni wọ́n fọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ti wọ ọkọ̀ ojú omi tipẹ́, kò sí òkò tó lè bà á. Townsend padà wá fún ìgbà díẹ̀ ní 1875, ó fẹ̀yìn tì lọ́dún kejì, ó sì kú ní Exeter ní 1886.

Yunifásítì Birmingham ni àwọn ìwé CMS wà báyìí, ti Townsend àti ti Crowther nínú àká kan náà. Wọ́n ṣe ìtọ́jú wọn dáadáa, ó sì yẹ ká dúpẹ́. Láti inú wọn ni J. F. Adé Àjàyí ti rí púpọ̀ nínú ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ní 1965, inú wọn náà ni J. D. Y. Peel ti wa ọ̀rọ̀ fún tirẹ̀ ní ọdún 2000. Ọ̀mọ̀wé ń kà wọ́n, ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Òkè-Ìléwó, Abẹ́òkúta, àwọn oníròyìn ti fi orúkọ Ìwé Ìròyìn sọ ilé ẹgbẹ́ wọn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ rere ni. Ó ku kí wọ́n tú ìwé ẹ̀bẹ̀ ọdún 1851 sí Yorùbá, láìfi ohunkóhun pa mọ́, kí wọ́n gbé e lọ sí Ìgbẹ̀in. Kí ẹnì kan dìde ka ìwé ìròyìn Townsend, kí ó tún ka lẹ́tà rẹ̀ ketekete, bí Crowther ti ka ti ọbabìnrin, kí wọ́n sì gbọ́ ohun tí àwọn ará Ìgbẹ̀in yóò fi dáhùn.