Fìlà Irin àti Orí Inú: Ìbéèrè Kan Lórí Òmìnira Ọkàn ní Ìlú Ìwó

Bóyá agbára òde lè wọ inú ọkàn ènìyàn kí ó sì yí èrò rẹ̀ padà láìjẹ́ pé onítọ̀hún fura, ìbéèrè tó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ ìtàn àròsọ fún ọ̀dọ́ ló gbé e kalẹ̀ ketekete. Nínú The White Mountains, ìwé tí John Christopher, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1967, àwọn ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń jọba lé aráyé lórí, gbogbo ọmọ tó bá sì tó ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ń dé ní fìlà irin, èyíinì ni àwọ̀n irin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ awọ orí, tí kò ṣeé ṣí mọ́ títí ọjọ́ ikú. Kò sí ẹkún lọ́jọ́ ìdéfìlà yìí: àsè ni àwọn ará abúlé ń sè, inú òbí a máa dùn pé ọmọ òun ti dàgbà, ọmọ tó sì ti ń ṣe iyèméjì ṣáájú, bíi Jack ọ̀rẹ́ Will tó ń sọ ìtàn náà, a padà wálé ní ẹni jẹ́jẹ́ tí kò rí ohun tó yẹ ní bíbéèrè mọ́.

Ìlú Ìwó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò rí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rí, ṣùgbọ́n ní oṣù Òkudù 2016, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń gbé sára ti di ọ̀rọ̀ gbogbo Nàìjíríà. Ìjọba ti gba àwọn ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ láti 1975, síbẹ̀ orúkọ ìjọ kò kúrò lára wọn, àwọn onígbàgbọ́ kò sì yé kà wọ́n sí tiwọn. Ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá náà sì ti gbé yunifọ́ọ̀mù kan ṣoṣo kalẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Nígbà tí Adájọ́ Jídé Fálọlá dájọ́ ní Òṣogbo lọ́jọ́ kẹta oṣù náà pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lẹ́tọ̀ọ́ láti lo híjáàbù, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ní Ìwó ní kí àwọn ọmọ tiwọn wọ aṣọ ìjọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Baptist High School tó wà ní Adeeke jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ akọrin lọ́rùn, àwòrán wọn sì gba ojú ìwé ìròyìn kan.

Ó rọrùn fún ẹni tó bá ka ìtàn Christopher láti tọ́ka sí híjáàbù pé fìlà irin nìyẹn, ó sì rọrùn fún ẹlòmíràn láti tọ́ka sí yunifọ́ọ̀mù ìjọba. Àwọn méjèèjì ló ṣì í. Aṣọ ṣeé bọ́, ẹni tó wọ̀ ọ́ sì lè máa rò ó lábẹ́ rẹ̀ bóyá kí òun bọ́ ọ. Agbára fìlà irin ni pé ó ń pa ìfẹ́ láti ṣí i gan-an. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tó wà lórí ọmọ ló yẹ kí a yẹ̀ wò bí kò ṣe ohun tó ṣẹ́ kù fún un láti fi rò ó.

Lórí èyí, ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní Ìwó kò jìnnà síra wọn tó bí ìjà 2016 ti mú kó jọ. Ìṣẹ̀ṣe ya orí òde, tí a ń fọwọ́ bà, sọ́tọ̀ kúrò lára orí inú, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan kúnlẹ̀ yàn kó tó wá sáyé, tí bàbá tàbí ọba kò sì lè bá a yàn. Ìjọ Onítẹ̀bọmi, tó ní Yunifásítì Bowen ní ìlú náà, kì í ri ọmọ ọwọ́ bọmi, nítorí wọ́n gbà pé ọkàn kọ̀ọ̀kan ni yóò fúnra rẹ̀ jẹ́ Ọlọ́run lóhùn. Ìsìláàmù, tó ti jókòó sáàfin Ìwó láti ìgbà Ọba Lámúyẹ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ka fífi ipá múni ṣe ẹ̀sìn léèwọ̀ nínú Súrà kejì, ẹsẹ 256. Ẹ wá wò ó: àwọn tó gbà pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tó ọkàn náà ló ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò wọ ọmọ láṣọ.

Àwọn kan yóò ní kò sí ọkàn tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò kàn, pé ẹ̀kọ́ ilé fúnra rẹ̀ fìlà ni. Àròyé yìí lágbára, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ̀kọ́ tó yè kooro a máa fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi bi ẹ̀kọ́ náà léèrè lọ́jọ́ iwájú, ìdéfìlà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn náà, àwọn tí ọkàn wọn kọ fìlà a máa ya wèrè, wọ́n a di alárìnkiri. Abúlé a fún wọn lóúnjẹ àti ibùsùn, ẹnikẹ́ni kì í sì ka ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí. Ìwà pẹ̀lẹ́ tí kò fetí sílẹ̀ yìí burú ju ẹ̀rọ náà lọ.

Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí híjáàbù nínú ẹjọ́ kan láti Èkó ní ọjọ́ 17 oṣù Òkudù 2022. Ṣùgbọ́n abala 38 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, tó dá ẹ̀tọ́ ìrònú, ẹ̀rí-ọkàn àti ẹ̀sìn mọ̀, tún sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Òfin náà to méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ẹni pé wọn kò lè takora, kò sì sọ èyí tó ṣíwájú lọ́jọ́ tí ohun tí ọmọ gbà gbọ́ bá yàtọ̀ sí èyí tí òbí fọwọ́ sí.