Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Sọ Ọ̀la Fún Aláìsàn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi wo àrùn tí kòkòrò HIV ń fà, èyí tí àwa Yorùbá sọ ní kògbóògùn. Bí oníṣègùn bá lè mọ ibi tí àìsàn ènìyàn ń lọ, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó sọ ọ́ fún un?

Àwọn kan ní kò tọ́. Wọ́n ní ẹni tí a bá ti sọ ọjọ́ ikú rẹ̀ fún ti kú kí ikú tó dé. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Nígbà tí a kéde àrùn yìí ní Nàìjíríà ní 1986, kò sí oògùn kan tí ó lè ká a lọ́wọ́ kò. Ẹni tí ó bá kó o a máa lo nǹkan bí ọdún 8 sí 10 kí ó tó dá a wólẹ̀. Ìdájọ́ ni àsọtẹ́lẹ̀ ìgbà náà jẹ́.

Ṣùgbọ́n láti 1996 ni a ti mọ̀ pé bí a bá pa oògùn mẹ́ta pọ̀, wọn a so kòkòrò náà mọ́lẹ̀. Ohun méjì ni dókítà fi ń mọ ibi tí àìsàn ń lọ: iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, àti iye ọmọ-ogun ara tí a ń pè ní CD4. Ẹni tí ara rẹ̀ le a máa ní 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; bí ó bá dín sí 200, ewu dé. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń lo oògùn lójoojúmọ́, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, lè dàgbà dàrúgbó bí ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì lè ti ipa ìbálòpọ̀ kó o ran ẹlòmíràn.

Èdè ni mo ń kọ́, nítorí náà ni orúkọ àrùn yìí ṣe ń kọ mí lóminú. Àsọtẹ́lẹ̀ ni orúkọ náà fúnra rẹ̀, àsọtẹ́lẹ̀ tí ọjọ́ sì ti kọjá lórí rẹ̀. Ìwòsàn pátápátá ni àrùn náà kò tíì ní. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ oògùn.

Babaláwo kì í kí Ifá tán kí ó má sọ ẹbọ. Atukọ̀ tí ó ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ lórí ọ̀sà a máa wo ojú ọ̀run kí ó tó ṣí. Kì í ṣe láti sọ fún èrò pé wọn yóò rì, bí kò ṣe kí ó lè mọ bí yóò ti tukọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ dókítà rí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ara wa. Ẹni tí ń gbé Ìkòròdú, tí ilé ìwòsàn kò jìnnà sí i, lè gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti gba oògùn, kí ojúlùmọ̀ má baà rí i. Ní ọjọ́ tí kò bá rí owó ọkọ̀, kò ní lọ. Oògùn yóò tán, kòkòrò yóò tún gbèrú. Ta ni ó mú àsọtẹ́lẹ̀ búburú ṣẹ nígbà náà? Kì í ṣe dókítà. Ẹnu àwa aládùúgbò ni. Òfin 2014 ka fífi àrùn yìí ya ènìyàn sọ́tọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè de ahọ́n.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé ó tọ́ kí a sọ ọ̀la fún aláìsàn, bí a bá sọ ọ́ fún òun nìkan tí ó ni ín, bí a bá sọ ohun tí yóò ṣe pẹ̀lú rẹ̀, tí a sì tún un wò lóòrèkóòrè, bí ẹni ń dífá ọrọọrún. Ní ti àwa tí ó kù, iṣẹ́ tiwa ni kí a má ṣe jẹ́ ohun tí yóò mú ọ̀la rẹ̀ burú.