Ibi tí Ojú Oníbàárà Kò Tó

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa tí a ń sọ̀rọ̀ ọmọlúàbí máa bi ara wa: kí ni mo jẹ ẹni tí ó ń ra iṣẹ́ ọwọ́ mi, nígbà tí ojú rẹ̀ kò tó ibi tí mo ti ṣe é? Búrẹ́dì ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Nínú ilé wa ní Ṣàgámù, ìyàwó mi a máa fi ọwọ́ ṣe búrẹ́dì kéékèèké roboto, irú èyí tí àwọn ará Ítálì ń jẹ. Èròjà rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ: fùláwà, omi, iyọ̀ àti ìwúkàrà. Láti alẹ́ ni yóò ti po díẹ̀ nínú fùláwà náà mọ́ ìwúkàrà bíńtín, tí yóò sì bò ó mọ́jú. Biga ni àwọn ará Ítálì ń pe àpòpọ̀ yìí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò po ìyókù mọ́ ọn, yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, yóò máa ká a padà, títí yóò fi máa fà bí rọ́bà. Yóò tún fi í sílẹ̀ kí ó wú, kí ó tó ṣù ú, kí ó tó tì í bọ inú ààrò gbígbóná. Nínú gbogbo èyí, ọwọ́ kì í ṣiṣẹ́ ju wákàtí kan lọ. Àkókò ni ó ń ṣe ìyókù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀rọ ni mo fẹ́ bá jà. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní 1913, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó ní 1921. Títí di òní, ẹ̀rọ tí ń tẹ fùláwà pípò kí ó lè dán ni a fi ń ṣe búrẹ́dì Àgége, kò sì sí ẹ̀tàn nínú ìyẹn. Ibi tí a bá ti fi ohun mìíràn rọ́pò àkókò, tí a kò sì sọ fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́, ni ẹ̀tàn ti bẹ̀rẹ̀.

Potassium bromate a máa mú kí búrẹ́dì wú sókè, kí ó sì funfun. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di èèwọ̀ ní 1990. Ní 1999, àjọ IARC tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ kà á mọ́ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa àrùn náà fún ènìyàn. NAFDAC náà fòfin dè é nígbà tí Dora Akunyili ń darí rẹ̀ (2001 sí 2008). Ṣùgbọ́n òfin kì í sùn mọ́jú nínú ilé búrẹ́dì. Oníbàárà a fọwọ́ tẹ búrẹ́dì wò: ó tóbi, ó fúyẹ́, ó funfun, ojú rẹ̀ parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Àlìkámà kì í hù lóko wa, ṣùgbọ́n a mọ ẹ̀gẹ́. Kíkan ni a fi ń mọ gàrí Ìjẹ̀bú, ó sì ń kan nítorí pé àwọn ìyá wa a máa fi ẹ̀gẹ́ rírin sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó yan án. Adùn nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́. Rírin, kíkan, fífún àti yíyan ni ó ń lé e jáde. Ní Mòsáńbíìkì ní 1981, ọ̀dá mú kí àwọn ènìyàn máa jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò tí wọn kò ṣe dójú àmì, ó sì sọ àwọn tí ó lé ní 1,000 di arọ. Ebi ni ó mú wọn kánjú. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ṣùgbọ́n ẹni tí èrè mú kánjú, tí ó sì da àbájáde ìkánjú rẹ̀ sí ikùn ẹlòmíràn ńkọ́?

Ẹnìkan lè ní fùláwà wọ́n, àti pé àwa oníbàárà ni a ń fẹ́ búrẹ́dì ńlá ní owó kékeré. Òdodo ni. Ojú tí ń fi ìtóbi díwọ̀n ohun rere ní ìpín nínú ẹ̀tàn náà. Síbẹ̀, ẹni tí ń rà kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ń tà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹrù náà fi wúwo jù lórí ẹni tí ń tà.

Àwọn àgbà ní sùúrù ni baba ìwà. A sábà máa ń túmọ̀ òwe yìí sí ìfaradà ìyà. Lójú tèmi, ó ní ìtumọ̀ mìíràn lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe oúnjẹ tà: àkókò tí oúnjẹ gbà jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá gé e kúrú láìsọ ti jí nǹkan gbé, bí olóhun kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan òun sọnù.