Pẹ̀lẹ́ Yàtọ̀ sí Ẹ Má Bínú

Láti Sokodé ni mo ti ń bọ̀, Kambolé ni mo ń lọ kí ọ̀fọ̀. Mo dúró ra omi ní ọjà Tchamba, ìgbà yẹn ni ọlọ́kadà kan, zémidjan bí wọ́n ṣe ń pè é ní Tógò, sáré gba ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà kan kọjá. Ẹsẹ̀ èrò tó gbé gbá igbá ìyá, èlùbọ́ dà sínú eruku. Ọmọkùnrin náà yíjú padà, ó ní, “Désolé, maman!”, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú èéfọ́ igbá, ó ń rọra bu òkèòkè èlùbọ́ náà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kí iyanrìn lè kúrò. Ó gbójú sókè, ó bi mí pé: “Ṣé ó ń kí mi ni, àbí ó ń bẹ̀ mí?”

N kò rí èsì fún un.

Yorùbá kì í da méjèèjì pọ̀. Ẹni tó kọsẹ̀ lójú rẹ, tí ọwọ́ rẹ mọ́ níbẹ̀, pẹ̀lẹ́ lo máa sọ fún un. Ẹni tí o gbá lẹ́sẹ̀, “ẹ má bínú” ni tirẹ̀, o ó sì dúró títí yóò fi dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n sọ́rì àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, désolé àwọn Faransé náà ń ṣe é. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ní sọ́rì fún ẹni tí ọ̀bẹ gé lọ́wọ́ n’Íbàdàn. Pẹ̀lẹ́ náà ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wa la sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dáràn tó wá fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dùn mí. Ó fi ohùn aláàánú sọ̀rọ̀, ó sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọmọlúàbí lè ṣẹ̀. Bó bá ṣẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ máa wá a kiri.

Ẹbí Yorùbá ni èdè Kambolé tí mo ń lọ kí ọ̀fọ̀ yìí, òun àti ti Manigri ní Benin ni àwọn onímọ̀ èdè ń kà pọ̀. Nígbà tí ìjọba Tógò ṣe àtúnṣe ẹ̀kọ́ ní 1975, Ewé àti Kabiyè ni wọ́n mú pé kí ilé ẹ̀kọ́ máa kọ́ni pẹ̀lú Faransé. Ẹnu ìyá àti bàbá nìkan ló wá kù fún ọmọ Kambolé láti fi kọ́ bí a ṣe ń báni kẹ́dùn. Iṣẹ́ ńlá sì ni. Lọ́dọ̀ tiwa, òkú ọ̀dọ́ ní tirẹ̀, òkú àgbà ní tirẹ̀: “ẹ kú ọ̀fọ̀” kò ṣeé gbé lọ síbi tí “ẹ kú àṣẹ̀yìndè” yẹ. O gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kí o tó lanu. “Du courage” tí wọ́n fi ń báni kẹ́dùn ní Faransé kì í béèrè nǹkan kan.

Mo ra èlùbọ́ tó kù lọ́wọ́ ìyá náà. Ó ṣì bu èènì lé e. Mo ní kó má bínú sí ọmọ yẹn, bóyá ìkánjú ló mú un.

Ó ní, “Ká ní ó sọ̀ kalẹ̀ ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá ní kó máa lọ.”