Ìwé Àṣẹ Ọtí àti Ẹ̀rí Ọkàn Káńsílọ̀

Àfikún Kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, níbi tí a ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, fi fífúnni ní àṣẹ láti ta ọtí àti mímójú tó títà rẹ̀ sí ìkáwọ́ káńsù, gẹ́gẹ́ bó ti fi àbójútó ilé oúnjẹ àti ilé búrẹ́dì síbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ tuntun, tó sì fẹ́ kí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa fi ọtí ti oúnjẹ, iwájú àwọn káńsílọ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn wọ̀nyí kì í sábà jẹ́ ẹlẹ́sìn kan náà: Mùsùlùmí tí ọtí jẹ́ haráàmù fún lè jókòó ti Kìrìsìtẹ́nì tí ìjọ rẹ̀ kò fàyè gba ọtí rárá, kí ẹlòmíràn tí kò ka ohunkóhun léèwọ̀ àfi àmupara sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìbéèrè tó wá dìde ni pé ṣé ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ ọtí lè fọwọ́ sí i pé kí ẹlòmíràn tà á, kí ọkàn rẹ̀ má sì dá a lẹ́bi.

Ohun tó mú kí ìbéèrè náà le ni hádíìsì kan, èyíinì ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ànábì Muhammad, tó wà nínú àkójọ Tirmidhi, níbi tí ègún ọtí ti kan ènìyàn mẹ́wàá: ẹni tó fún èso rẹ̀ àti ẹni tó ní kí wọ́n fún un, ẹni tó mu ún, ẹni tó rù ú àti ẹni tí wọ́n rù ú lọ fún, ẹni tó bù ú fúnni, ẹni tó tà á, ẹni tó jẹ owó rẹ̀, ẹni tó rà á àti ẹni tí wọ́n rà á fún. Kò sí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ owó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí èyí ba gbogbo káńsù lẹ́rù, nítorí owó ìwé àṣẹ ń wọ àpò ìjọba, àpò tó bá sì ti mọ adùn owó bẹ́ẹ̀ kì í yá lójú láti rí ibi tó wà nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, owó ibodè orí jíìnì òkèèrè wà lára ohun tó gbé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ró ní gúúsù Nàìjíríà. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell àti James Johnson pariwo títí, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1909 láti wádìí òwò náà kò rí i bí ohun tó yẹ kí a dá dúró.

Ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé tan ìmọ́lẹ̀ mìíràn sí i. A gbọ́ pé ẹmu ló mú kí Ọbàtálá sùn lọ nígbà tí Olódùmarè rán an láti dá ilé ayé, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ náà ṣe, láti ìgbà náà sì ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún àwọn olùsìn Ọbàtálá. Síbẹ̀, nínú ìlú kan náà, ẹmu kò kúrò ní ojúbọ Ògún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ní kí àwọn onífunfun lọ fọ́ akèrègbè adẹ́mu. Èèwọ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń sin òrìṣà náà, kì í ṣe ti ìlú, ẹni tó sì pa á mọ́ kò jẹ̀bi nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ mu.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, John Stuart Mill, sọ ohun tó sún mọ́ èyí nínú ìwé rẹ̀ lórí òmìnira, tó jáde ní 1859. Ó tako dídín iye ilé ọtí kù kìkì kí ọtí lè wọ́n, nítorí pé ìyẹn sọ àgbàlagbà di ọmọdé. Ṣùgbọ́n ó gbà pé kí olùtà jẹ́ ẹni tí a mọ ìwà rẹ̀, kí a yan wákàtí ṣíṣí àti títì, kí a sì gba àṣẹ padà bí ibẹ̀ bá di ojúkò ìjà.

Níbí gan-an ni iṣẹ́ káńsílọ̀ wà: bóyá ògiri ilé oúnjẹ náà kan ti ilé ẹ̀kọ́, bóyá ìró orin yóò máa wọ yàrá àwọn ará àdúgbò lóru, àti bóyá a óò ta ọtí fún ọmọdé. Ó sì dunni pé àyẹ̀wò tí wọ́n ń fojú rẹ̀ wo ilé oúnjẹ tó wá bèèrè àṣẹ kì í dé gáréèjì, níbi tí awakọ̀ ti ń da kọ́ọ̀pù páragà sí ọ̀fun ní ìdájí kó tó di sítíárìn mú, tí àwọn èrò sì ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ju ti ẹni tó mu ìgò bíà kan ti iyán lọ, àwọn èrò náà kò sì mọ ohun tí awakọ̀ mu.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á láti buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, kí ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìdájọ́ náà, kí ẹlòmíràn lè ṣe é. Ohun tí kò tọ́ sí i ni kí ó fi ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí ariwo jẹnẹrétọ̀ bojú, nígbà tó jẹ́ pé èèwọ̀ ẹ̀sìn rẹ̀ ló fi ń dá olówò náà lẹ́jọ́, nítorí olówò náà lè wá ibi ìgbọ́kọ̀sí mìíràn, ó sì lè ra jẹnẹrétọ̀ tí kì í pariwo, ṣùgbọ́n kò lè dáhùn ẹ̀sùn tí a kò fi kàn án.