Ọwọ́ Òru, Ọwọ́ Ọ̀sán

Ìkòkò amọ̀ kan wà tí wọ́n ń lò nílé ẹjọ́ ní Átẹ́nì láyé àtijọ́. Wọ́n á rọ omi kún un, wọ́n á gbé e sókè, omi á sì máa gba ihò kékeré kan nítòsí ìdí rẹ̀ ṣàn sínú ìkòkò mìíràn nísàlẹ̀. Bí omi bá ti tán, ẹni tó ń rojọ́ á panu mọ́. Àwọn awalẹ̀pìtàn hú ọ̀kan nínú wọn jáde ní Agora, ojúde ọjà ìlú náà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 ni omi rẹ̀ fi ń ṣàn tán. Klepsydra ni wọ́n ń pè é, olè tí ń jí omi. Ẹ̀rín máa ń pa mí tí mo bá rò ó: olè kan ń wí àwíjàre níwájú adájọ́, olè mìíràn ń ṣọ́ àkókò fún un.

Kleptein ni kéèyàn jalè ní bòńkẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n àwọn Gíríìkì kò dúró síbẹ̀. Bí ọwọ́ ṣe rìn dé ìdí ẹrù ni wọ́n fi ń sọ olè lórúkọ. Agéàpò ní orúkọ tirẹ̀. Ẹni tó ń bọ́ aṣọ lára èrò ọ̀nà ń jẹ́ lopodytes, ẹni tó ń kó sínú aṣọ aláṣọ. Kólékólé wọn ni toichorychos, agbẹ́gànná, torí bíríkì amọ̀ tí wọ́n sá sóòrùn ni wọ́n fi ń mọlé, ó sì máa ń rọ olè lọ́rùn láti dá ẹ̀yìn yàrá lu ju kó já ìlẹ̀kùn lọ. Ẹni tó bá gbé ilé alámọ̀ rí á mọ̀ ọ́n: o jí láàárọ̀, o rí ihò lára ògiri, iyẹ̀pẹ̀ kún ilẹ̀, àpótí aṣọ ti rìn.

Òfin wọn, bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Demosthenes ṣe là á sílẹ̀ ní kóòtù, le lórí ọ̀rọ̀ òru. Bí ẹnì kan bá jí ohun tó ju dírákímà 50 lọ lọ́sàn-án, ẹ lè wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìjòyè Mọ́kànlá. Tó bá jẹ́ òru ló jí i, bó ti wù kó kéré mọ, ẹni tó ká a mọ́ lè pa á, kò sì sí ẹjọ́ lọ́rùn rẹ̀. Aṣọ ìbora tàbí kólòbó òróró lásán tó bá sọnù ní pápá eré ìdárayá Lyceum, ikú ni.

Ọ̀sán wá ńkọ́? Harpazein ni kéèyàn já nǹkan gbà lójúkorojú. (Ọ̀rọ̀ yìí ni Pọ́ọ̀lù lò fún ohun tí à ń pè ní ìgbàsókè nígbà tó ń kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà, kò sì pẹ́ nínú lẹ́tà kan náà tó fi ní ọjọ́ Olúwa ń bọ̀ bí olè lóru. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn oníwàásù.) Nínú Odyssey, ewì àtijọ́ àwọn Gíríìkì, Nestor arúgbó fún àwọn àlejò lóúnjẹ tán, ó wá bi wọ́n bóyá òwò ni wọ́n ń bá kiri tàbí ọlọ́ṣà ojú òkun ni wọ́n. Kò sẹ́ni tí inú bí. Òpìtàn Thucydides tilẹ̀ sọ ọ́ kedere pé iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ìtìjú nígbà náà, ó ní iyì díẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ká mi lára. Nínú Iliad, Achilles, akọni ogun Gíríìkì, kó ìlú Lyrnessos, ó pa ọkọ Briseis, ó sì mú obìnrin náà bí ìkógun. Nígbà tí Agamemnon, olórí ogun náà, wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Achilles lọ sunkún létí òkun pé wọ́n fi ìyà jẹ òun, a sì ń bá a kẹ́dùn dòní. Briseis fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lanu sọ̀rọ̀ nínú gbogbo Iliad, ní apá 19, lórí òkú Patroclus, ọ̀rẹ́ Achilles. Gbogbo ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún olè wọ̀nyí, ọwọ́ tó ń mú nǹkan ni wọ́n ń wò. Ẹni tí wọ́n mú kò sí níbẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí wọ́n mú sọ tirẹ̀. Nǹkan bí aago 9 àárọ̀ ni ìròyìn ogun tàn ká Òṣogùn lọ́dún 1821, bí Àjàyí Crowther ṣe kọ ọ́ fúnra rẹ̀ nínú lẹ́tà kan ní 1837. Oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ń sè lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, okùn ti wà lọ́rùn òun àti ìyá rẹ̀ àtàwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ewúrẹ́. Ọkùnrin yìí ló wá kọ́ èdè Gíríìkì lẹ́yìn náà, tó sì ṣaájú iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá. Nínú Ìhìn Rere Jòhánù orí 10, kleptes àti lestes jọ fo ọgbà àgùntàn; Bíbélì wa pè wọ́n ní olè àti ọlọ́ṣà. Nínú ìwé ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti bá lestes pàdé. Àjàyí ti bá a rìn láti Òṣogùn dé Èkó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan gba ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n kó o sí lójú òkun, ó sì gbé e lọ sí Sàró. Myrmidon ni orúkọ ọkọ̀ ogun náà, orúkọ àwọn ọmọ ogun Achilles. Irú Myrmidon yẹn kọ́ ló dé Lyrnessos.